Oúnjẹ, jẹjẹrẹ àti àrùn ọkàn: èwo ló dájú nínú ohun tí wọ́n ń sọ?

Àdùkẹ́_Adáná

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àrùn ọkàn ló pa bàbá mi. Lọ́dún yìí, àwọn dókítà tún rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá àbúrò bàbá mi obìnrin. Látìgbà náà, kò sóhun tá à ń sọ nínú ilé ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká jáwọ́ nínú ẹran pátápátá, pé ẹran àti sìgá ò yàtọ̀ síra. Àbúrò mi ní ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ, pé bá a bá ti gé ṣúgà, ebi á pa á kú. Màámi ti ra oògùn fítámìn oríṣiríṣi jọ, wọ́n ní kí gbogbo wa máa lò ó láràárọ̀. Èmi sì rèé, èmi ni mò ń dáná fún gbogbo wọn.

Èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni ìwádìí tì lẹ́yìn? Ṣé oúnjẹ tó dáa fún ọkàn náà ló ń dín ewu jẹjẹrẹ kù, àbí ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú ni kó bá mi sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Aláwìíyé

Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tù yín nínú, á sì fún àbúrò bàbá yín lálàáfíà. Ẹ jẹ́ n ti ọ̀rọ̀ ẹran bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń ṣì gbọ́ jù.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, IARC, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà pa mọ́, irú bíi sọ́séèjì àti béékìn, ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ìsọ̀rí Kìíní ni wọ́n fi í sí, níbi tí sìgá wà. Ẹran pupa tí wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́, bíi ti màlúù, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, wà ní Ìsọ̀rí 2A: ó jọ pé ó ń fà á, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ ò tíì lágbára tó ti àkọ́kọ́.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti ṣì í gbọ́ nìyí. Bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ìsọ̀rí yẹn ń sọ. Kò sọ bí ewu ṣe tóbi tó. Ewu sìgá fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ti sọ́séèjì lọ. Iye tí wọ́n gbé jáde ni pé bí èèyàn bá ń jẹ 50 gíráàmù irú ẹran àpamọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé èèyàn 18 nínú 100 ló máa ní in. Ká sọ pé nínú 100 èèyàn, márùn-ún ló máa ní àrùn náà kí wọ́n tó kú. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ ẹran àpamọ́ yẹn lójoojúmọ́, wọ́n á di nǹkan bíi mẹ́fà. Ẹnì kan tó lé yẹn kì í ṣe kékeré, ó níyàwó, ó lọ́mọ. Àmọ́ kò tó ohun tí ẹ ó máa torí rẹ̀ bára yín jà nílé. Ẹ jẹ́ kí sọ́séèjì di nǹkan ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti ẹran pupa, ẹ dín in kù, kò pọn dandan kẹ́ ẹ lé e kúrò nílé.

Bàbá_Ìbejì

Mo kí gbogbo yín. Èmi ò tíì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tán. Bàbá mi àgbà jẹran títí wọ́n fi lé ní 90 ọdún. Àwọn onímọ̀ yìí kan náà ló ní ká má fẹnu kan ẹyin, wọ́n tún padà wá ní ẹyin ò burú. Lónìí ọ̀rá ló ń pani, lọ́la ṣúgà ni. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Ìbejì. Mo mọ̀ pé ó ń sú èèyàn. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹnì kan tó pẹ́ láyé ò fi hàn pé ohun tó ń jẹ ò léwu. Àwọn tí kò dé 90 ò sí níbí kí wọ́n wá sọ tiwọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan tó dá mi lójú. Ní àgbègbè North Karelia, lápá ìlà oòrùn Finland, àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin tí wọn ò tíì darúgbó, tó fi jẹ́ pé iye tó ń kú níbẹ̀ wà lára èyí tó ga jù láyé nígbà náà. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n gba àwọn. Ọdún 1972 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan tó ń jẹ́ Pekka Puska ló ṣáájú. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń jẹ: bọ́tà lórí búrẹ́dì, bọ́tà nínú ìkòkò, mílíìkì tó kún fún ọ̀rá, iyọ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀fọ́ díẹ̀ báyìí. Puska ò sọ fún wọn pé kí wọ́n febi panú. Ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ilé ló lọ bá. Wọ́n jọ ń se ọbẹ̀ tí kálukú ti mọ̀ látilẹ̀, ẹran inú rẹ̀ dín kù, ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Òróró ewéko rọ́pò bọ́tà. Wọ́n ran àwọn àgbẹ̀ tó ń sin màlúù fún mílíìkì lọ́wọ́ kí àwọn kan lára wọn lè máa gbin èso béérì. Láàárín nǹkan bí 40 ọdún, iye ọkùnrin tó ṣì wà lọ́jọ́ orí iṣẹ́ tí àrùn ọkàn ń pa níbẹ̀ fi ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Sìgá tí wọ́n dín kù wà lára ohun tó fà á, ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà ńbẹ̀, àmọ́ kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tó wálẹ̀ ló kó ipa tó pọ̀ jù.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rèé. Ọ̀rá tó máa ń dì, irú èyí tó wà nínú bọ́tà àti lára ẹran, kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fa kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù burúkú tí wọ́n ń pè ní LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tó ṣẹ́ kù á máa wọ inú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, á máa gbára jọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, onítọ̀hún ò ní mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ tí ibẹ̀ bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí, apá ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ nínú ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n máa ń gbé dé ọ̀dọ̀ wa tó jẹ́ pé àmì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nìyẹn.

Ẹ ní ta ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ti jáwọ́ nínú nǹkan kan: kí lẹ fi rọ́pò rẹ̀? Ẹni tó yọ bọ́tà kúrò tó fi búrẹ́dì funfun àti nǹkan dídùn dí i ò rí èrè kankan jẹ. Ẹni tó fi òróró ewéko, ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí ẹja rọ́pò rẹ̀ ló jèrè. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tẹ́ ẹ rò pé wọ́n ń ta kora, ibẹ̀ ni wọ́n ti yà síra.

Ṣadé_K

Ẹ ṣeun mà. Ṣé gbogbo òróró tó bá ti wá látinú ewéko ló dáa? Kí wá ni ti májárínì?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ṣadé, rárá. Èyí tí wọ́n bá ti fi gáàsì háídírójìn mú kó dì láabọ̀ ló burú jù nínú gbogbo ọ̀rá. Trans fat ni wọ́n ń pè é. Ó ń mú LDL gòkè, ó sì ń fa kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù rere wálẹ̀. Denmark ló kọ́kọ́ ṣòfin dè é lọ́dún 2003, nígbà tó sì di 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè mú un kúrò nínú oúnjẹ, torí wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó lè máa pa tó 500,000 èèyàn lọ́dún. Májárínì ayé àtijọ́ kún fún un. Nínú ti ìsinsìnyí, ẹ ka ara ike rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí "partially hydrogenated", ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Aláwìíyé

Mo fẹ́ fi ti ìfun ńlá kún ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, torí àbúrò bàbá Àdùkẹ́.

Àwọn ará Japan tó ṣí lọ sí Hawaii àti Amẹ́ríkà jẹ́ káwọn onímọ̀ rí nǹkan kan. Nílé, jẹjẹrẹ inú ikùn, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń kọ́kọ́ dé kó tó wọ ìfun, ló ń bá wọn jà, ti ìfun ńlá ò wọ́pọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí lọ, ti ìfun ńlá gòkè láàárín wọn, ti inú ikùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lára àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà. Ìgbé ayé wọn ló yí padà, oúnjẹ sì wà níwájú nínú rẹ̀.

Lọ́dún 2015, ìwádìí kan tún jáde tó jẹ́ pé n kì í gbàgbé rẹ̀. Wọ́n mú 20 aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà àti 20 ará abúlé ní South Africa, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ oúnjẹ tó kún fún fáíbà, ìyẹn apá tó dà bí okùn nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà, nǹkan bí 55 gíráàmù lójúmọ́, ọ̀rá inú rẹ̀ kéré. Àwọn ará abúlé ń jẹ ẹran àti ọ̀rá, fáíbà díẹ̀. Wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun gbogbo wọn ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti tó. Nínú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà, wíwú dín kù, sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ sí i kọjá ààlà náà sì dín kù. Ti àwọn ará abúlé yí sí òdìkejì. Èyí ò sọ pé ẹnikẹ́ni ní jẹjẹrẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì o. Àwọn àmì tó máa ń ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ohun tó wà ńdìí ẹ̀ ni pé ara wa ò lè da fáíbà, àmọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń jẹ ẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di ohun kan tí wọ́n ń pè ní butyrate. Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ìfun nìyẹn, ó sì ń pẹ̀tù sí wíwú. Fáíbà yìí kan náà tún máa ń fa kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù jáde nínú ara. Àdùkẹ́, ẹ béèrè bóyá oúnjẹ ọkàn àti ti jẹjẹrẹ jọra. Ibí yìí ni wọ́n ti pàdé: ẹ̀wà, ọkà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀, ẹ̀fọ́, èso. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má dín ní 25 gíráàmù fáíbà lójúmọ́ fún àgbàlagbà.

Àdùkẹ́_Adáná

Ẹ ṣeun gan-an. Oògùn fítámìn màámi ńkọ́? Wọ́n ní bí ẹ̀fọ́ àti èso bá dáa, ohun tó wà nínú wọn tí wọ́n fún sínú hóró oògùn gbọ́dọ̀ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ohun táwọn onímọ̀ náà rò nìyẹn, wọ́n sì dán an wò. Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ, wọ́n fún àwọn kan ní beta-carotene, ohun tó ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, nínú hóró oògùn. Lọ́dún 1994 tí èsì jáde, àwọn tó lò ó ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù, ó fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìwádìí míì ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní CARET, rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá a dúró láìpé ọjọ́ lọ́dún 1996.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún màámi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ìfẹ́ ló sún wọn ṣe é. Kárọ́ọ̀tì ò pa ẹnikẹ́ni nínú ìwádìí yẹn. Èyí tí wọ́n yọ kúrò lára àwọn yòókù, tí wọ́n wá sọ di rẹpẹtẹ nínú hóró kan, ló ṣe jàǹbá, lára àwọn tó ń mu sìgá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń mu sìgá nínú ilé yín, òun gan-an ni kó kọ́kọ́ gbé oògùn yẹn sílẹ̀. Bí dókítà bá rí i pé fítámìn kan ò tó lára ẹnì kan, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Tọ́lá_Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn náà, ẹ má fò ó o. Inú ìjọ wa ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Aláwìíyé

Òótọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ju ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì lọ. Òun ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò PET fi ń rí i. Àmọ́ gbogbo ara ló ń lò ó, pàápàá ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ sì máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ béèyàn ò bá tiẹ̀ fi ṣúgà kẹ́nu. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè febi pa jẹjẹrẹ kẹ́ ẹ má febi pa aláìsàn.

Ewu ṣúgà ń gba ọ̀nà míì wọlé. Ohun mímu aládùn ń mú kéèyàn sanra, IARC sì sọ lọ́dún 2016 pé ẹ̀rí wà pé irú jẹjẹrẹ 13 ló ní í ṣe pẹ̀lú sísanra jù, títí kan ti ìfun ńlá, ti ilé ọmọ àti ti ọmú lára obìnrin tó ti kọjá nǹkan oṣù. Sísanra tún ń fa ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn méjèèjì sì ń ba ọkàn jẹ́.

Àdùkẹ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Oúnjẹ ẹni tó fẹ́ dènà àrùn yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gba ìtọ́jú. Àbúrò bàbá yín nílò okun báyìí. Bí wọ́n bá ń rù, ìtọ́jú lè ṣòro fún ara wọn láti gbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba oúnjẹ lẹ́nu wọn nítorí ṣúgà tàbí ẹran. Ẹni tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn wọn ni kẹ́ ẹ bi.

Bàbá_Ìbejì

Ẹ̀yin méjèèjì ń ṣàlàyé tó yé mi. Ṣùgbọ́n mo kà á pé wọ́n kó obìnrin bíi 48,000 jọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn kan dín ọ̀rá kù fún ọdún mẹ́jọ, kò sì ṣe nǹkan kan. Àti pé wọ́n máa ń sọ pé wáìnì díẹ̀ dáa fún ọkàn. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ìbéèrè gidi nìyẹn, sà. Women's Health Initiative ni, obìnrin 48,835, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Òótọ́ ni, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì nínú jẹjẹrẹ ọmú, ti ìfun ńlá tàbí àrùn ọkàn. Àmọ́ gbogbo oríṣi ọ̀rá ni wọ́n ní kí wọ́n dín kù, èyí tó dáa àtèyí tí kò dáa, wọn ò sì dín in dé ibi tí wọ́n fojú sùn. LDL wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ wá fi èyí wé PREDIMED ní Spain. Èèyàn 7,447 tí ewu àrùn ọkàn wà lórí wọn ni wọ́n kó jọ. Wọn ò ní kí wọ́n sá fún ọ̀rá. Wọ́n fún àwọn kan ní òróró ólífì, wọ́n fún àwọn míì ní oríṣiríṣi ẹ̀pà, wọ́n sì kọ́ wọn láti máa jẹ ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà àti ẹja. Rọpárọsẹ̀, kí ọkàn daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, àti ikú látọwọ́ àwọn àrùn yìí fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí wọ́n ṣe pín àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́ láwọn ibì kan ní àléébù, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun, wọ́n sì tún un tẹ̀ lọ́dún 2018. Ohun tí wọ́n rí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ní ti ọtí, n kì í fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Láti 1988 ni IARC ti fi ọtí sí Ìsọ̀rí Kìíní. Bí ara bá ti ń da ọtí, ó ń di acetaldehyde, èyí tó ń ba àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní DNA jẹ́. Jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun, ẹ̀dọ̀, ọmú, ìfun ńlá, gbogbo wọn ló kàn. Lóṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ketekete pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu fún ìlera. Ìwádìí àtijọ́ tó ń yin wáìnì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ka àwọn tó fi ọtí sílẹ̀ torí àìsàn mọ́ àwọn tí kì í mutí, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé àwọn tó ń mu díẹ̀ ló lálàáfíà jù. Ẹni tí kì í mu, kó má torí ọkàn bẹ̀rẹ̀.

Ṣadé_K

Iyọ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Kó má tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, kẹ́ ẹ sì ka èyí tó ti wà nínú búrẹ́dì, oúnjẹ inú agolo àti máàgì mọ́ ọn. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, oúnjẹ tí wọ́n sì fi iyọ̀ púpọ̀ pa mọ́ ní í ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ inú ikùn. Ní China, wọ́n fi iyọ̀ tí potassium wà nínú rẹ̀ rọ́pò iyọ̀ lásán fún ìdajì àwọn abúlé 600 tí wọ́n lò. Èsì 2021 fi hàn pé rọpárọsẹ̀ fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láwọn abúlé yẹn. Àmọ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, tàbí tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, kó kọ́kọ́ bi dókítà, torí potassium tó bá pọ̀ jù lè da ìlù ọkàn rú.

Tọ́lá_Olùkọ́

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un: àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣà á, ẹ má yan án. Olóró tó wà nínú èébu yẹn, aflatoxin, ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, iná ìdáná ò sì lè pa á tán. Ẹni tó bá tún ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, ewu tiẹ̀ lé sí i gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ìyẹn.

Àdùkẹ́_Adáná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀wà á máa rọ́pò ẹran láwọn ọjọ́ kan, òróró ewéko dípò bọ́tà, sọ́séèjì ò ní sí nínú oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ mọ́, màá sì dọ́gbọ́n bá màámi sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lé ní 60. Ṣé kò tíì pẹ́ jù fún wọn?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Kò pẹ́ rárá. Ọmọ ọdún 55 sí 80 ni wọ́n fi ṣe PREDIMED.

Àmọ́ oúnjẹ ò rọ́pò àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ màámi wò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ ti bàbá yín àti ti àbúrò wọn fún dókítà, kó lè pinnu ìgbà tó yẹ kí wọ́n wo ìfun yín. Ní Amẹ́ríkà, 45 ọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò ní àmì kankan, ó sì máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tí òbí tàbí ọmọ ìyá wọn bá ti ní in. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà tí kò sì padà sípò, tàbí ó ń rù láìnídìí, kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká gbúròó wọn.